Gọ́tà Ẹnu Ọ̀nà: Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó ti rí nípa ẹ̀ṣọ́ ni ó yẹ kí ó rí nípa ìmọ̀ ìjọba pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ìjọba tiwọn, wọn kì í sì í padà délé. Ìjọba mẹ́ta ni ó ń ṣe àkóso ẹni tí ó ń gbé ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà: ìjọba àpapọ̀ tí ó fi Àbújá ṣe ibùjókòó, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìkẹjà, àti ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ládùúgbò rẹ̀ gan-an. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó sún mọ́ ọn jùlọ ni ó mọ̀ kéré jùlọ. Ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá yóò dárúkọ Ààrẹ, yóò sì dárúkọ Gómìnà láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá bi bàbá rẹ̀ pé ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó máa wòkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni gọ́tà tí ó kún níwájú ilé rẹ̀, ìsọ̀ tí aya rẹ̀ ti ń tajà, ilé ìwòsàn kékeré tí a ti ń gún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì í ṣe ọ̀ràn tí Àbújá ń jókòó lé lórí.

Kì í ṣe àìbìkítà nìkan ni ó fa àìmọ̀ yìí. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti lọ́ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún ará ìlú láti mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Ẹni tí kò bá sì mọ ẹni tí yóò bi, ìdáhùn kò lè tọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Ṣómólú àti Bàrígà fi èyí hàn kedere, nítorí pé ìgbìmọ̀ méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè.

Ilẹ̀ náà àti àwọn ará ibẹ̀

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Òpópónà Ìkòròdú ni ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú kọjá, níbi tí àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Onípàánù àti ní Palmgrove. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ọ̀sà ni ó fọwọ́ kan Bàrígà, níbi tí àwọn apẹja wà, tí àwọn Ìlàjẹ sì pọ̀ nínú wọn. Yunifásítì ìlú Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, jẹ́ aládùúgbò wọn ní Àkọkà. Ilé-ìwé gíga CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, kó wá sí Bàrígà ní ọdún 1959, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé. Ní ti Ṣómólú, àwọn atẹ̀wé ni ó sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká: ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, tàbí ìwé ètò ìsìnkú, ibẹ̀ ni yóò forí lé, láti ọ̀nà jíjìn pàápàá.

Ilẹ̀ náà kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ibẹ̀ pọ̀ jọjọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, 402,673 ni ó ní òun bá ní gbogbo Ṣómólú, Bàrígà sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ka tirẹ̀ ní ọdún kan náà, 1,025,123 ni ó sì pe iye wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì yìí kì í ṣe ohun eré, nítorí pé iye ènìyàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣùwọ̀n tí a fi ń pín owó orílẹ̀-èdè. Bí àga bá kéré lójú ẹni tí ó kàn án, ẹni tí yóò jókòó lé e ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Bí Ṣómólú ṣe di méjì

Ní ọdún 1952 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, tí àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò àwọn ìgbìmọ̀ tí àwọn Òyìnbó gbé kalẹ̀ nígbà ìjọba àmúnisìn. Ní ọdún 1954, a ya ìlú Èkó sọ́tọ̀ kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn kí ó lè jẹ́ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Ààlà tí a fà nígbà náà fi Mùṣin, Ṣómólú àti Ìkẹjà sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé akọ̀wé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Èkó lè máa sùn ní Ṣómólú: Èkó ni ó ti ń gba owó oṣù, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe òfin tí ó de ilé tí ó ń sùn sí, ìgbìmọ̀ Mùṣin ni ó sì ń bójú tó ọ̀nà tí ó ń tọ̀ lọ sílé. Ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967, ni ìlú àti àwọn agbègbè tí ó yí i ká tó bọ́ sábẹ́ òrùlé kan.

Ní ọdún 1976, ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò jákèjádò Nàìjíríà. Nínú àtúntò yìí ni Ṣómólú ti kúrò lábẹ́ Mùṣin, tí ó sì di ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà. Ní ọdún 1980, Gómìnà Lateef Jakande pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ títí wọ́n fi di 23. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun tún gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, wọ́n wọ́gi lé ìpín náà. Àwọn ológun kan náà ni ó padà yọ Kòṣọ̀fẹ́ kúrò lára Ṣómólú ní ọdún 1996, tí ìjọba ìbílẹ̀ Èkó sì di 20. Ogún yìí ni Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 to orúkọ wọn sílẹ̀, Ṣómólú sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n 20 kò tẹ́ Èkó lọ́rùn. Kánò nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 44, Jígáwá tí a yọ lára rẹ̀ ní 27. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá kan nínú owó tí ó ń ti Àbújá wá jẹ́ èyí tí a ń pín ní ọgbọọgba fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ńlá, ìbáà jẹ́ kékeré. Nítorí náà ni ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú ṣe dá 37 mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 2003, tí gbogbo rẹ̀ sì di 57. Bàrígà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà. A dìbò sí wọn ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 2004. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ̀wé pé kí a má ṣe san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún Ìpínlẹ̀ Èkó mọ́, àyàfi tí ó bá padà sí ogún ti ìṣáájú.

Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, a sì dá a ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2004. Ìdájọ́ náà ní apá méjì, ó sì yẹ kí a di méjèèjì mú. Apá kìíní ni pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ dúró. Apá kejì ni pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó tọ̀nà láti dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe òfin tí yóò fi orúkọ wọn kún èyí tí ó wà nínú Ìwé Òfin. Láti ìgbà náà ni Èkó ti ń pe 37 náà ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀. Owó tí a dá dúró kò jáde tán títí di ọdún 2007, nígbà tí Umaru Yar'Adua ti di Ààrẹ.

Ohun tí ó ti inú gbogbo èyí jáde ni pé Bàrígà ní alága tirẹ̀, ó ní àwọn káńsẹ́lọ̀ tirẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ dìbò yan wọn ní ọdún 2017, ní 2021, àti ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2025, bí wọ́n ti dìbò ní Ṣómólú. Ṣùgbọ́n bí Àbújá bá ń ka ìjọba ìbílẹ̀, Ṣómólú ni ó ń kà. Owó tí ó bá wọlé ní orúkọ ẹnì kan, ẹni méjì ni yóò pín in jẹ.

Inú ilé ìgbìmọ̀

Ẹ̀ka mẹ́ta ni ènìyàn yóò bá nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ni ti alága, ẹni tí gbogbo olùdìbò agbègbè náà jọ yàn, pẹ̀lú igbákejì rẹ̀. Alága ni ó ń yan akọ̀wé ìgbìmọ̀ àti àwọn alábòójútó tí ó ń di ẹ̀ka iṣẹ́ mú: ọ̀kan fún ètò ìlera, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún iṣẹ́ òde. Ti kejì ni ti àwọn káńsẹ́lọ̀, tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni aṣòfin ìbílẹ̀. Wọ́n ní olórí tiwọn, wọ́n sì ń jókòó ní ìjókòó ilé bí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ń ṣe. Ti kẹta ni ti àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í bá ìdìbò lọ: akápò, ẹnjiníà, oníṣègùn, àwọn akọ̀wé, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ìran ẹlòmíràn mọ̀ sí wolé-wolé. Alága lè lọ, káńsẹ́lọ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí.

Bí iṣẹ́ ti ń lọ kò ṣòroó yé. Lọ́dọọdún, alága yóò gbé ètò ìsúná wá síwájú àwọn káńsẹ́lọ̀: èyí ni iye tí a retí pé yóò wọlé, èyí ni ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Àwọn káńsẹ́lọ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò gé e níbi tí ó bá gùn jù, wọn yóò sì fọwọ́ sí i. Láìsí ìfọwọ́sí yìí, kò yẹ kí akápò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni òfin àdúgbò ti ń rí: bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ ṣe òfin nípa ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tàbí nípa ẹran ọ̀sìn tí ó ń rìn káàkiri, iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀ ni yóò gbà. Lẹ́yìn tí owó bá ti lọ tán, ayẹ̀wéwò owó àgbà tí a yàn fún ìjọba ìbílẹ̀ yóò wo ìwé wọn. Nítorí náà, káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe ẹni tí a kàn ń pè síbi ìsọmọlórúkọ láti wá gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kalẹ̀. Òun ni ojú wọ́ọ̀dù lára àpò ìgbìmọ̀.

Iṣẹ́ tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́

Àfikún kẹrin nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ni ó to iṣẹ́ ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn wà níbẹ̀. Ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì àti ibi ìṣeré wà níbẹ̀. Ìtẹ́ òkú wà níbẹ̀. Pípa orúkọ òpópónà àti fífún ilé ní nọ́ńbà wà níbẹ̀, àti kíkó ìdọ̀tí, àti kíkọ orúkọ ọmọ tí a bí, ẹni tí ó kú àti àwọn tí ó ṣègbéyàwó sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni ó ń fún kẹ̀kẹ́, ọmọláńkẹ́, bárò àti ọkọ̀ ojú omi ní ìwé àṣẹ. Òun ni ó ń ṣàkóso ìsọ̀, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ilé alágbàfọ̀ àti ilé ọtí. Ó tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Ẹni tí ó bá ka àkójọ náà tán yóò rí i pé láti ìgbà tí a ti bí ènìyàn títí di ìgbà tí a ó sin ín, ọwọ́ ìgbìmọ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ìjà ń bẹ nínú wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìgbìmọ̀ Bàrígà kéde pé ibùdókọ̀ kan tí àwọn èrò ti ń pè ní Charly Boy láti ọjọ́ pípẹ́ yóò máa jẹ́ orúkọ Ọlámidé, olórin tí ó dàgbà ní Bàrígà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Charly Boy fúnra rẹ̀ sì sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn kan ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn ní orúkọ tí ará ìlú fúnra wọn sọ ibì kan kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkéde pa rẹ́. Ibi yòówù kí ènìyàn dúró sí, ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò tí ì ronú kan ìgbìmọ̀ rí ni ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ìgbìmọ̀ ní àṣẹ lórí orúkọ àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tí ojú ń rí. Ìwé Òfin ní ìgbìmọ̀ ni yóò kó ìdọ̀tí. Àjọ ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí LAWMA, pẹ̀lú àwọn aládàáni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ni ó ń kó o. Ìwé Òfin ní ìgbìmọ̀ ni yóò ṣàkóso pátákó ìpolówó. Ní ọdún 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LASAA sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ìwé Òfin ní ìgbìmọ̀ ni yóò díwọ̀n ilé láti gba owó ilé lórí rẹ̀. Ní ọdún 2001, Èkó da owó yìí pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn lábẹ́ òfin owó ìlò ilẹ̀, ìpínlẹ̀ sì ni ó ń gbé ìwé rẹ̀ jáde. Èrò tí ó wà lẹ́yìn èyí kì í ṣe èrò òpè: ìlú tí ó ti so kọ́ra bí Èkó kò lè ní ọ̀nà 57 tí a fi ń kó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n bí àkàṣù bá ti kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, kò yẹ kí a tún máa bi ọmọdé pé èwo ni ó fi jẹ.

Ibi tí owó ti ń wá

Ojú méjì ni owó ìgbìmọ̀ ní. Ọ̀kan ń ti òkè wá, ọ̀kan sì ń ti ilẹ̀ wá. Ti òkè ni ìpín láti inú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Nínú 100 náírà tí a bá fẹ́ pín láàárín ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68, gbogbo ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ sì ń mú 20.60. Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Òfin ti là á sílẹ̀, inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jọ ní ni owó ìjọba ìbílẹ̀ yóò kọ́kọ́ bọ́ sí, kí ó tó di pípín. Àpò yìí ni ó di ọ̀ràn. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àti pé gómìnà kò ní àṣẹ láti tú ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí ìdájọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ní agbègbè tí ó dà bí èyí, ó gbé ìbéèrè kan dìde: bí a bá san owó fún Ṣómólú tààrà nítorí pé Ṣómólú ni Ìwé Òfin mọ̀, ọ̀nà wo ni ìpín Bàrígà yóò gbà dé ọwọ́ Bàrígà? Bí ìdájọ́ 2004 ti wí, kọ́kọ́rọ́ ìbéèrè yìí wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá.

Owó tí ó ń ti ilẹ̀ wá ni èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú: owó ìsọ̀, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó ìwé àṣẹ ilé ọtí, owó títi ojú ọ̀nà fún àríyá. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1998 to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sílẹ̀, ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa dí ojú ọ̀nà láti fi gba owó orí. Ó yẹ kí àwọn oníṣòwò mọ èyí. Ìyá tí ó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹnì kan mú tíkẹ́ẹ̀tì wá bá ní òwúrọ̀, tí ẹlòmíràn tún mú tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn wá ní ọ̀sán, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun mẹ́ta: orúkọ ìgbìmọ̀ wo ni ó wà lórí ìwé yìí? Òfin wo ni ó gbé owó yìí kalẹ̀? Rísíìtì dà? Atẹ̀wé tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ààlà ìgbìmọ̀ méjèèjì ní láti mọ apá ibi tí ó wà, nítorí pé ìsọ̀ kan kò gbọdọ̀ sin ọ̀gá méjì.

Ọ̀nà tí omi ń tọ̀

Gọ́tà kan tó láti fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sí Ṣómólú, omi rẹ̀ kò ní ibi tí ó ń lọ ju ọ̀sà. Yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé. Gbígbá iwájú ilé ẹni, onílé àti ayálégbé ni ó ni ín. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ gọ́tà ẹ̀bá ọ̀nà àdúgbò. Ìgbìmọ̀ ni ó ni èyí, yálà láti kọ́ ọ tàbí láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí ojú agbárá ńlá tí ó ń gba omi ọ̀pọ̀ àdúgbò; ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni ti ibẹ̀. Omi kò mọ ààlà: kò ní dúró béèrè bóyá òun ti kúrò ní Ṣómólú wọ Bàrígà. Níkẹyìn ni yóò dé ọ̀sà, níbi tí Afárá Kẹta, tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, gba ojú omi kọjá. Nínú ìrìn kúkúrú yìí, omi ti gba ọwọ́ onílé, ìgbìmọ̀, ìpínlẹ̀ àti orílẹ̀-èdè kọjá.

Bí gọ́tà bá wá dí, níbo ni ó ti dí? Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó ń kó ìdọ̀tí kò wá, tí àwọn ará ilé sì da tiwọn sínú gọ́tà lóru, ẹ̀bi náà pín sí ọ̀nà méjì. Bí ó bá jẹ́ pé a kó ẹrẹ̀ jáde tí a sì gbé e sí etí gọ́tà títí òjò mìíràn fi gbá a padà, ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ni kí a bi. Bí gọ́tà àdúgbò bá mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tí omi kò lọ nítorí pé ojú agbárá ńlá ti kún, a lè bú alága títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, omi kò ní tìtorí ìyẹn lọ. Ẹ̀kún omi nínú yàrá kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí a kọ̀wé sí yàtọ̀ síra. Omi tí ó bá sì wọ yàrá kì í duro de ẹni tí ń wá ojúlé tí ó yẹ kí ó kàn: akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdánù ìwé rẹ̀, atẹ̀wé yóò pàdánù páálí bébà rẹ̀, ọmọ ọwọ́ yóò sì máa gba afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin sára.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní Peckham lábẹ́ ìgbìmọ̀ Southwark, iṣẹ́ pín bákan náà láàárín ìjọba gbogbo ìlú náà àti àwọn ìgbìmọ̀ àdúgbò 32. Ṣùgbọ́n ìwé owó tí ìgbìmọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún a máa sọ iye tí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ àti iye tí ó jẹ́ ti ìjọba Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó san owó náà lè má fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ tí ó bọ́ sí.

Ará Ṣómólú àti ará Bàrígà náà kò wà láìlóhùn. Wọ́n lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí káńsẹ́lọ̀ wọn, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò sì fọwọ́ sí i, nítorí ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dún ju ti ẹnì kan lọ. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2011 lórí òmìnira ìròyìn fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè, kí a sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje. Ní ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ di mímọ̀ pé òfin náà de gbogbo ẹ̀ka ìjọba, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, ará àdúgbò lè kọ̀wé pé: èló ni a yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà òpópónà wa lọ́dún yìí, ta ni ó gba iṣẹ́ náà, ọjọ́ wo ni yóò sì parí rẹ̀?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ kò lè bi í. Ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní Bàrígà ní orúkọ gbogbo olú-ìlú ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ń ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú àwọn ọmọ náà jáde ní ọjọ́ kan, kí wọ́n tọ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ilé-ìwé wọn lọ títí dé ibi tí ó wọ agbárá ńlá, kí ó sì máa bi wọ́n ní ibi kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ni ó ni ibí yìí?", ó ti kọ́ wọn ní ìjọba. Ọmọ tí ó bá dáhùn pé kò sí ẹni tí ó ni ín, òun ni kí olùkọ́ tọ́jú jùlọ, nítorí ohun tí ọmọ náà gbọ́ nílé ni ó sọ.